Sẹ́fà Tó Ń Falẹ̀: Ẹ Jáwọ́ Nínú Títo Dísìkì Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀

Ìgbàgbọ́ kan wà láàrin àwa tí à ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, ó ti pẹ́ débi pé kò sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Wọ́n gbà pé sẹ́fà tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń kó fáìlì wọn sí, dandan ni ká máa to dísìkì rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí àwọn ègé fáìlì tó ti fọ́n káàkiri lè padà wá sójú kan. Defrag ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí kò bá dá àkókò fún un lórí sẹ́fà rẹ̀, aláìbìkítà ni lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí iṣẹ́ alásìkò náà bá sì kọ̀ tí kò ṣe, wọn a gbájú mọ́ ọn: wọn a pa á rẹ́, wọn a tún un dá, wọn a yí aago rẹ̀ padà, wọn a fipá mú un, àfi dìgbà tó bá ṣiṣẹ́.

Mo lòdì sí i. Lórí sẹ́fà fáìlì, títo dísìkì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kì í ṣe ìtọ́jú rárá. Ó ń jẹ àkókò, ó máa ń pa ohun tí a nílò run, ó sì ń bo àìsàn gidi mọ́lẹ̀. Ní ti iṣẹ́ alásìkò tó kọ̀ láti ṣiṣẹ́, ìdí tó fi kọ̀ ló yẹ ká máa lépa, nítorí ìdí yẹn sábà máa ń burú ju dísìkì tí kò tò lọ. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá.

Kí n má purọ́ mọ́ àwọn tó kọ́ wa níṣẹ́, ìgbàgbọ́ yìí ní orísun. Lọ́dún 1993, MS-DOS 6 gbé ètò DEFRAG jáde, èyí tí Microsoft gba àṣẹ rẹ̀ lọ́wọ́ Symantec. Nígbà náà, ẹnì kan ló ń lo kọ̀ǹpútà kan. Dísìkì kéré, ó máa ń kún kíákíá, mẹ́mọ́rì kò tó nǹkan, fáìlì tuntun a sì há sí ibikíbi tí àyè bá ti yọ. Ẹni tó bá to dísìkì rẹ̀ nígbà yẹn rí ìyàtọ̀ lójú méjèèjì. Ètò fáìlì NTFS dé lọ́dún 1993 kan náà pẹ̀lú Windows NT 3.1, ṣùgbọ́n kò bá ètò ìtodísìkì kankan wá. Orí Windows 2000 ni Microsoft ti kọ́kọ́ fi ọ̀kan sí i, èyí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Executive Software, àwọn tó ń ta Diskeeper. Ètò yẹn ló gbé fèrèsé olókìkí nì wá: ọ̀pá pupa fún fáìlì tó fọ́, búlúù fún èyí tó wà lójú kan, àwọ̀ ewé fún èyí tí kò ṣeé sún, funfun fún àyè òfìfo. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti jókòó tì í, tí à ń wo pupa tó ń di búlúù, tí inú wa ń dùn pé iṣẹ́ ń lọ. Àwòrán yẹn ló sọ dísìkì di yàrá tí a gbọ́dọ̀ gbá. Nígbà tí Vista dé, Microsoft yọ àwòrán náà kúrò, wọ́n sì fi aago rọ́pò rẹ̀: aago kan òru Ọjọ́rú, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Láti orí kọ̀ǹpútà aládàáni ni àṣà náà ti gba ojú fèrèsé wọ yàrá sẹ́fà.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú dísìkì oníyíyí gan-an. Èyí tó ń yí ní ìgbà 7,200 láàrin ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú àáyá kan tí a pín sọ́nà ẹgbẹ̀rún, ìpín 8.3 ni yíyí kan ń gbà. Kí ibi tí à ń wá tó yí dé abẹ́ orí tó ń kà á, ìdajì yíyí la máa ń dúró, ká kúkú pè é ní ìpín 4. Kí apá tó gbé orí náà tó sún láti ojú ọ̀nà kan bọ́ sí òmíràn, ìpín 8 tàbí 9 tún nìyẹn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi ìpín 13. Iye tí ègé kọ̀ọ̀kan ń ná wa nìyí. Ṣùgbọ́n dísìkì kan náà, bí ohun tó ń kà bá tò tẹ̀lé ara wọn, lè ka mẹ́gábáìtì 150 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Ègé tó tó mẹ́gábáìtì 64 yóò gbà tó ìpín 430 láti kà. Ẹ fi 13 wé 430: ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdí nìyí tí ètò Microsoft, láti ìgbà Vista, kì í fi í ka ègé tó bá ti tó mẹ́gábáìtì 64 sí fífọ́ mọ́, bí a kò bá pa á láṣẹ. Fáìlì fídíò gígábáìtì mẹ́rin tó pín sí ọgọ́ta ègé tó dọ́gba, odidi ni lójú ètò náà. Lẹ́tà ọ́fíìsì tí kò ju kílóbáìtì díẹ̀ lọ ńkọ́? Bó tiẹ̀ pín sí ègé méjì, ìpín 13 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ni ó fi pẹ́ sí i. Kò sí akọ̀wé tí ojú rẹ̀ yá tó láti rí ìyẹn.

Àṣìṣe tó tóbi jù nínú ìgbàgbọ́ yìí kò tilẹ̀ sí nínú ìṣirò ègé. Wọ́n gbàgbé ẹni tó ń lo sẹ́fà ni. Dísìkì kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ẹnì kan ló ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Dísìkì sẹ́fà, ogójì ènìyàn lè máa béèrè lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá tó ń tajà ní Bódìjà lè to àpò ìrẹsì rẹ̀ tẹ̀lé ara wọn, kó to ẹ̀wà lọ́tọ̀, kó to gàrí lọ́tọ̀; bí ogójì oníbàárà bá yí i ká tí oníkálukú ń pe ohun tirẹ̀, ṣe ni yóò ṣì máa sáré láti igun kan dé èkejì. Bẹ́ẹ̀ ni apá dísìkì ṣe ń sá. Ó ka díẹ̀ nínú fáìlì ẹ̀ka ìṣirò owó, kó tó parí, wọ́n ti rán an lọ síbi ìwé àdéhùn, láti ibẹ̀ lọ síbi fọ́tò. Kó tó padà dé ìdí fáìlì àkọ́kọ́, yálà fáìlì náà tò tàbí kò tò, ìrìn àjò kan ni. Ohun tó lè dín ìrìn àjò yẹn kù ni mẹ́mọ́rì tó pọ̀, nítorí Windows máa ń fi àyè mẹ́mọ́rì tó ṣẹ́kù pa fáìlì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kà mọ́, tàbí kí dísìkì pọ̀ sí i, tàbí SSD. Owó tí ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ń san fún ètò ìtodísìkì, ì bá ti ra mẹ́mọ́rì.

Bí sẹ́fà náà bá sì jẹ́ virtual machine, tí ohun tó ń pè ní dísìkì jẹ́ fáìlì kan lórí ẹ̀rọ mìíràn, nọ́ḿbà lásán ni defrag ń tò. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà gan-an lórí irin, kò mọ̀ ọ́n. Ní ti SSD, kò sí apá tó ń sún níbẹ̀ rárá, kíkọ tí a sì ń tún un kọ ń jẹ ọjọ́ ayé rẹ̀. Mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn, nítorí ọ̀pọ̀ ti gbà.

Mi ò sọ pé fífọ́ fáìlì kò lè pa sẹ́fà lára láéláé. Fáìlì dátábéèsì tó ń dàgbà díẹ̀díẹ̀ lórí dísìkì tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún lè fọ́ sí ègé tí kò lóǹkà. NTFS ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ láti kọ àdírẹ́sì ègé fáìlì kan sílẹ̀. Bí fáìlì bá dé ibẹ̀, kò ní lè dàgbà mọ́, Windows a sì jábọ̀ error 665. Àwọn tó ń ṣàkóso SQL Server mọ nọ́ḿbà yẹn bí ẹni mowó. Backup tó ń ka fáìlì ńlá láti orí dé ìdí náà a máa falẹ̀ bí fáìlì bá fọ́ kọjá ààlà. Ṣùgbọ́n irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ lórúkọ: fáìlì báyìí ni, orí dísìkì báyìí. Ètò Contig tí Mark Russinovich kọ lè to ẹyọ fáìlì kan ṣoṣo láìfọwọ́ kan èyí tó kù. Ẹ to fáìlì náà, kẹ́ ẹ wá àyè fún dísìkì, kẹ́ ẹ sì gbọ́wọ́ kúrò.

Ohun tó ń dẹ́rù ba ènìyàn jù ni ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Ìròyìn a ní dísìkì ti fọ́ ní ìdá 40, ọ̀gá a rí i, ara rẹ̀ a bù máṣọ. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣèṣirò irú nọ́ḿbà bẹ́ẹ̀ lórí Linux, níbi tó ti hàn kedere. Bí ẹ bá fi xfs_db béèrè ìwọ̀n fífọ́ lọ́wọ́ ètò fáìlì XFS, yóò ka iye ègé tó wà, yóò yọ iye tí ì bá wà bí fáìlì gbogbo bá wà lójú kan kúrò nínú rẹ̀, yóò wá fi iye ègé tó wà pín èyí tó kù. Bí fáìlì kọ̀ọ̀kan bá ní ègé méjì péré, ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Bó bá jẹ́ ègé mẹ́wàá, ìdá 90. Ẹ wá mú fáìlì gígábáìtì mẹ́wàá tó pín sí ègé mẹ́wàá: gígábáìtì kan ni ègé kọ̀ọ̀kan, kíkà rẹ̀ á gba nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá méje, sísún apá dísìkì a sì gba ìpín 13 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò sí ohun tó sọnù rárá, síbẹ̀ ìròyìn ní ìdá 90. Àwọn tó ń kọ XFS fúnra wọn ti kìlọ̀ fáwọn ènìyàn kí wọ́n má gbára lé nọ́ḿbà yìí. Ẹni tó bá tìtorí rẹ̀ fi xfs_fsr, ètò ìtodísìkì XFS, sínú cron, wákàtí méjì gbáko ni ètò náà fi ń ṣiṣẹ́ bí a kò bá sọ iye fún un, ó sì ń kọ fáìlì tí kò ní àìsàn kankan ní àkọtúnkọ.

Iṣẹ́ alásìkò tó kọ̀ láti ṣiṣẹ́ ló ń bà mí nínú jẹ́ jù, nítorí ibẹ̀ ni ìgbàgbọ́ yìí ti ń ṣe jàǹbá. Kí ni àwọn nǹkan tó ń dá a dúró?

Ọ̀rọ̀ aṣínà ni àkọ́kọ́. Mo mọ ilé-iṣẹ́ agbẹjọ́rò kan ní Ìbàdàn tí ẹni tó ń tọ́jú sẹ́fà wọn dá iṣẹ́ defrag tirẹ̀ sínú Task Scheduler, ó sì fi àkáǹtì alákòóso àti ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ sí i. Lọ́jọ́ kan, wọ́n yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà nítorí òṣìṣẹ́ kan tó fiṣẹ́ sílẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ohun tó yẹ ni wọ́n ṣe. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn, iṣẹ́ náà kò ṣe mọ́, ohun tó sì ń jábọ̀ ni 0x8007052E. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀: orúkọ tàbí ọ̀rọ̀ aṣínà tí wọ́n fún mi kò wọlé. Wọ́n wá onímọ̀ mìíràn, òun náà ò gba wàhálà, ó yí iṣẹ́ náà sórí àkáǹtì SYSTEM tí kì í béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà, ó tẹ̀ ẹ́, ó ṣiṣẹ́, ó gbowó, ó lọ. Kò béèrè ohun mìíràn tó ń lo àkáǹtì yẹn. Backup alaalẹ́ ló ń lò ó. Láti ọjọ́ kan náà tí defrag ti dákẹ́ ni backup ti dákẹ́, kò sì sẹ́ni tó wò ó, nítorí defrag ni gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Ìgbà tí fódà ìwé ilẹ̀ oníbàárà kan pòórá ni wọ́n tó mọ̀ pé ẹ̀dà tó kẹ́yìn ti pẹ́ ju kí ó wúlò lọ. 0x8007052E ti sọ fún wọn. Wọ́n pa á lẹ́nu mọ́ ni.

Èkejì, iná. Aago kan òru tí Microsoft yàn dára fún ìlú tí iná kì í lọ. Ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì wa, wọ́n ti pa jẹnẹrétọ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá parí, inverter kò lè gbé sẹ́fà mọ́jú, wọ́n sì ti pa sẹ́fà náà lálẹ́. Aago kan lù, kò sí ẹni tó wà nílé. Onímọ̀ wa a wá rí i pé iṣẹ́ náà kò ṣe, a sì fi àmì sí ibi tó ní kí iṣẹ́ tó bá pàdánù àkókò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní kété tó bá ti ṣeé ṣe. Ẹ wo àbájáde rẹ̀. Àárọ̀ Ọjọ́rú, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, sẹ́fà jí, gbogbo òṣìṣẹ́ ṣí fáìlì wọn lẹ́ẹ̀kan náà, defrag tó pàdánù àkókò rẹ̀ lóru náà bẹ̀rẹ̀ sí í kó fáìlì láti ibì kan lọ síbòmíràn lórí dísìkì kan ṣoṣo yẹn. Gbogbo ilé bá figbe bọnu pé sẹ́fà ń falẹ̀. Onímọ̀ dé, ó ní ó nílò defrag. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń yípo báyìí láti oṣù dé oṣù, tí iṣẹ́ tí wọ́n pè ní ìwòsàn sì ni àìsàn náà gan-an. Níbòmíràn, wọ́n á ní kó má bẹ̀rẹ̀ àfi bí kọ̀ǹpútà bá wà láìríṣẹ́ṣe, kó sì dúró bí iṣẹ́ bá ti dé. Sẹ́fà tí ogójì ènìyàn ń lò kì í wà láìríṣẹ́ṣe lójúmọmọ. Iṣẹ́ náà á bẹ̀rẹ̀, á dúró, kò ní parí láéláé.

Ẹ̀kẹta, àyè. Microsoft sọ ọ́ kedere nínú ìwé ìlànà defrag pé dísìkì gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún àyè òfìfo kí ètò náà tó lè ṣiṣẹ́ dáadáa, nítorí ibẹ̀ ló ti ń to ègé kí ó tó gbé e lọ sí ipò rẹ̀. Lórí Windows Server 2003, àmì -f wà tí a fi ń fipá mú un bí àyè kò bá tó, àìmọye ènìyàn ló sì ń tẹ̀ ẹ́ láìwẹ̀yìn. Ẹ dúró ná! Sẹ́fà tí àyè rẹ̀ kò tó ìdá 15 mọ́ ń sọ fún yín pé òun ń kún. Ẹ lọ wo ohun tó kún un: fídíò ayẹyẹ ìgbéyàwó, ẹ̀dà mẹ́fà ìwé kan náà tí orúkọ wọn ń parí sí ìkẹyìn, ìkẹyìn gan-an, ìkẹyìn tòótọ́. Lórí dísìkì tó ti kún ni fáìlì ti ń fọ́ jù lọ, nítorí kò sí àyè gbọọrọ tí NTFS lè fún fáìlì tuntun. Ẹni tó fi -f tò ó lónìí, á bá a bó ṣe wà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹ̀kẹrin ni mo bẹ̀rù jù. Defrag kì í fọwọ́ kan dísìkì tí Windows ti sàmì sí pé ó ṣeé ṣe kí ètò fáìlì inú rẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹ tẹ fsutil dirty query D: ẹ ó rí ìdáhùn. Àwọn kan a kàn sáré tẹ chkdsk kí àmì náà lè kúrò, kí defrag lè máa lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ ka Event Viewer. Bí ẹ bá rí Ntfs 55 níbẹ̀, ètò fáìlì ti bàjẹ́. Bí ẹ bá rí disk 7, ibì kan lórí dísìkì náà kò ṣeé kà mọ́. Dísìkì tó ń kú lọ ni ẹ fẹ́ pàṣẹ fún pé kó kó gbogbo ẹrù rẹ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn yẹn. Ẹ gba ohun tó wà lórí rẹ̀ sílẹ̀ ná, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Àwọn tó ń gbèjà àṣà yìí a máa sọ pé, bí kò bá ṣe rere, kò lè ṣe ibi. Irọ́ ni, mo sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́ èyí dáadáa. Láti Windows Server 2003 ni sẹ́fà Windows ti ní Shadow Copies, èyí tó ń jẹ́ kí òṣìṣẹ́ tẹ fódà rẹ̀ kó sì rí bí fáìlì náà ṣe rí lánàá tàbí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bí a kò bá yí i padà, aago méje àárọ̀ àti aago méjìlá ọ̀sán, láti Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́ Ẹtì, ló ń ya àwòrán dísìkì. 64 ni àwòrán tó lè pa mọ́ jù lọ. Ìbùkún ni fún ọ́fíìsì kékeré. Akọ̀wé tó ṣèèṣì fi ìwé tuntun tẹ ti àtijọ́ mọ́lẹ̀ kò nílò ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ègé kílóbáìtì 16 ni Shadow Copies fi ń ṣọ́ dísìkì, kílóbáìtì 4 sì ni NTFS fi ń pín fáìlì bí a kò bá sọ fún un. Nítorí àìdọ́gba yìí, bí defrag bá sún ègé kan, Shadow Copies kò lè mọ̀ pé sísún lásán ni. Ohun tó rí ni pé wọ́n ti kọ nǹkan tuntun síbẹ̀, yóò sì sáré pa ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ mọ́ sínú àyè tirẹ̀. Àyè náà kún, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í ju àwòrán àtijọ́ nù kí tuntun lè wọlé. Òru kan tí defrag fi ṣiṣẹ́ dáadáa lè nu ìtàn ọ̀sẹ̀ mélòó kan kúrò, láìsí ẹni tó tẹ bọ́tìnì ìparẹ́. Láti ìgbà Vista, Microsoft ti gbìyànjú kí ètò náà máa ṣọ́ra fún irú dísìkì bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti gbani nímọ̀ràn pé kí a fi kílóbáìtì 16 pín dísìkì náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Mélòó nínú sẹ́fà wa ni a pín bẹ́ẹ̀? Kílóbáìtì 4 ló wà lórí fèrèsé nígbà tí a tẹ Next, òun la sì tẹ̀.

Wọ́n tún máa ń sọ pé àwọn fojú ara wọn rí i: àwọn tò ó, sẹ́fà sì yá. Mo gbà pé ó yá. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó tò ó, wọ́n dá sẹ́fà dúró, wọ́n tún un tàn, àwọn ètò tó ti ń jẹ mẹ́mọ́rì láti oṣù tó kọjá bọ́ kúrò lórí rẹ̀, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, kò sẹ́nikẹ́ni lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ tún un tàn láìtò ó, ẹ ó rí i pé yóò yá bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ òótọ́, kí ó wọ̀n ọ́n. Performance Monitor wà lórí gbogbo Windows, ọ̀fẹ́ ni. Avg. Disk sec/Read yóò sọ bí dísìkì ṣe ń pẹ́ tó kí ó tó dáhùn. Split IO/Sec yóò sọ iye ìgbà tí ìbéèrè kan di méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí dísìkì tó lè dá a lóhùn, ìyẹn ló sì sún mọ́ fífọ́ fáìlì jù. Bí Split IO/Sec bá wà nílẹ̀ gbalaja tí dísìkì sì ń pẹ́ dáhùn, ọ̀rọ̀ yín kì í ṣe ti fífọ́ fáìlì: ẹ lọ wo ètò tó ń ṣọ́ fáírọ́ọ̀sì, ẹ wo mẹ́mọ́rì, ẹ wo wáyà àti switch. Bí ó bá ga, ẹ fi defrag D: /A /V yẹ̀ ẹ́ wò, /A kì í sún ohunkóhun. Ẹ wá fáìlì tó jẹ̀bi.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí mo gbọ́dọ̀ sọ kí ẹnikẹ́ni má bàa fi àpilẹ̀kọ mi ṣe ìpalára. Ẹ má pa ScheduledDefrag, iṣẹ́ alásìkò tó bá Windows wá, rẹ́ pátápátá. Láti Windows 8 àti Server 2012, iṣẹ́ kan náà yẹn ló ń fi TRIM ránṣẹ́ sí SSD, tó ń sọ fún un ibi tí fáìlì ti kúrò, SSD sì nílò rẹ̀. Ẹ ṣí fèrèsé Optimize Drives, ẹ yan dísìkì tí iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ kàn, ẹ fi SSD sílẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ yọ àwọn dísìkì oníyíyí tó gbé fáìlì òṣìṣẹ́ kúrò. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn yóò bi mí: kí la ó wá kọ sínú ìròyìn oṣooṣù tí ọ̀gá ń retí? Defrag rọrùn láti kọ, ó ń ṣe bí iṣẹ́, ọ̀gá a sì sanwó. Ọ̀rọ̀ owó yìí gan-an ló gbé àṣà náà ró ju ìmọ̀ lọ, èmi náà sì ń jẹun nínú iṣẹ́ yìí, mi ò ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni má kọ nǹkan kan. Kí ẹ kọ iye àyè tó kù lórí dísìkì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ bí ó ṣe rí lóṣù tó kọjá. Kí ẹ kọ ohun tí Event Viewer sọ nípa Ntfs àti disk. Kí ẹ kọ orúkọ gbogbo iṣẹ́ alásìkò tó kùnà àti ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ mú fáìlì kan láti inú backup Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, kí ẹ dá a padà sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ẹ ṣí i níwájú ọ̀gá, kí ẹ sì kọ orúkọ fáìlì náà àti aago tó ṣí sílẹ̀.